Nogizaka ní Tokyo: ìbéèrè àti ìdáhùn fún ẹni tó fẹ́ lọ fojú ara rẹ̀ rí i

Nogizaka kò gùn. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn ín láti òkè dé ìsàlẹ̀ lè má tíì gbọ́ orin kan tán létí rẹ̀ tí ọ̀nà fi parí. Síbẹ̀, tọmọdé tàgbà ní Jàpáánì ló mọ orúkọ rẹ̀, nítorí ẹgbẹ́ akọrin obìnrin kan, Nogizaka46, ń jẹ́ orúkọ náà. Àwọn ìbéèrè tí àwọn èèyàn wa sábà máa ń béèrè kí wọ́n tó lọ rèé.

Ibo gan-an ni Nogizaka wà?

Àdúgbò Akasaka ni, ní ìjọba ìbílẹ̀ Minato, láàárín gbùngbùn Tokyo. Òpópónà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni. Orí rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúbọ Nogi, ní títì ńlá tí wọ́n ń pè ní Gaien-Higashi, ibẹ̀ ló ti ń dà gẹ̀rẹ́ lọ sísàlẹ̀ títí tó fi bá títì Akasaka pàdé. Gbogbo orúkọ tí ẹ bá rí níbí tó parí sí “zaka”, ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ náà ni.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń sọ ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lórúkọ?

Nítorí pé ìlú Edo, tó di Tokyo lónìí, kò fi bẹ́ẹ̀ ní orúkọ òpópónà. Apá ìwọ̀ oòrùn ìlú náà jẹ́ ilẹ̀ gíga tí àwọn odò kéékèèké ti gé sí wẹ́wẹ́, tó fi jẹ́ pé ẹ ò ní rìn jìnnà kẹ́ ẹ tó gun òkè tàbí kẹ́ ẹ tó sọ̀ kalẹ̀. Àwọn ìjòyè ńláńlá kọ́ ilé wọn sórí ilẹ̀ gíga, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti ọlọ́jà ń gbé ní àfonífojì. Ọ̀nà tó so àwọn méjèèjì pọ̀ ni gbogbo èèyàn mọ̀, òun náà ni wọ́n ń fi júwe ibi tí wọ́n ń lọ. Òmíràn ń jẹ́ orúkọ ìjòyè tó ń gbé ibẹ̀, òmíràn ń jẹ́ Fujimi nítorí pé èèyàn lè rí òkè Fuji láti ibẹ̀, òmíràn sì ń jẹ́ Kurayami nítorí òkùnkùn tí àwọn igi ń dá sí i.

Nogizaka fúnra rẹ̀ ti jẹ́ orúkọ mìíràn rí. Yūrei-zaka ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ọ̀nà àwọn iwin. Ẹ ò rí i pé orúkọ yẹn ì bá ṣòro fún àwọn akọrin láti gbé kọ́rùn!

Ta wá ni Nogi?

Ológun ni, Nogi Maresuke lorúkọ rẹ̀. Ọdún 1849 ni wọ́n bí i, ní Edo, nínú ọgbà ilé tí ìdílé Mōri tó ń jọba lórí ilẹ̀ Chōfu ní síbẹ̀. Ẹ fi orúkọ Mōri yẹn sọ́kàn, a máa tún bá a pàdé. Òun ló darí àwọn ọmọ ogun Jàpáánì tó gba Port Arthur, èbúté kan ní ilẹ̀ Ṣáínà, lọ́wọ́ Rọ́ṣíà ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1905. Ẹ̀mí tó bá ìjà yẹn lọ kò kéré, àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì sì kú sójú ogun náà. Nígbà tó darí dé, wọ́n fi í ṣe ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ Gakushūin, níbi tí Hirohito, tó padà wá jọba, ti ń kàwé lọ́mọdé.

Ọba Meiji wàjà ní oṣù keje ọdún 1912. Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹsàn-án, lọ́jọ́ tí wọ́n ń gbé òkú ọba jáde láàfin, Nogi àti Shizuko ìyàwó rẹ̀ gba ẹ̀mí ara wọn nínú ilé wọn lókè ibí yìí. Nínú lẹ́tà tó fi sílẹ̀, ó dárúkọ àsíá ọmọ ogun rẹ̀ tó bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá nígbà ogun abẹ́lé ọdún 1877. Odidi ọdún 35 ni ìtìjú yẹn fi wà lọ́kàn rẹ̀.

Yorùbá tó bá gbọ́ ìtàn yìí, abọ́bakú ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn, kò sì ṣì í gbọ́. Àwọn ará Jàpáánì náà ti ní àṣà kí ìránṣẹ́ bá olúwa rẹ̀ kú. Ṣùgbọ́n ìjọba Tokugawa, àwọn ológun tó ń ṣàkóso Jàpáánì ṣáájú ìgbà Meiji, ti fòfin de àṣà yẹn láti ọdún 1663, kò sì sí ẹni tó retí pé ọ̀gágun ayé òde òní, tó ti lọ kọ́ nípa iṣẹ́ ogun ní Jámánì, ni yóò jí i dìde. Ìlú pín sí méjì lórí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn kan ní ìwà ayé àtijọ́ ni, kò yẹ kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ. Àwọn kan ní ìṣòótọ́ tó ga jù lọ nìyẹn. Ohùn àwọn tó ń yìn ín ló borí nígbà náà: ọdún 1912 yẹn náà ni ìgbìmọ̀ àdúgbò Akasaka yọ orúkọ iwin kúrò, tí wọ́n sì fi ti Nogi rọ́pò. Ojúbọ tí wọ́n kọ́ fún òun àti ìyàwó rẹ̀ dìde lọ́dún 1923.

Báwo ni orúkọ ọ̀gágun ṣe wá di orúkọ ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń kọrin?

Kì í ṣe nítorí ọ̀gágun náà rárá. Iléeṣẹ́ orin Sony ní ilé kan ládùúgbò yìí tó ń jẹ́ SME Nogizaka, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ìdánwò àṣekẹ́yìn fún àwọn tó fẹ́ wọ ẹgbẹ́ náà lọ́dún 2011. Akimoto Yasushi, tó dá ẹgbẹ́ akọrin obìnrin AKB48 sílẹ̀, ló dá èyí náà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orogún fún àwọn ti àkọ́kọ́. Orúkọ àdúgbò ni wọ́n mú, wọ́n wá fi 46 sí i: bí iye wọn tiẹ̀ dín sí 48, wọn ò ní gbà fún wọn. Orin wọn àkọ́kọ́ jáde ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù kejì ọdún 2012, Ikoma Rina ló sì dúró láàárín, ìyẹn ipò ẹni tó ṣíwájú nínú orin. Láàárín ọdún díẹ̀, orogún ti ga ju ìyáálé lọ. Nogizaka46 ló gba àmì ẹ̀yẹ orin tó tóbi jù ní Jàpáánì lọ́dún 2017, wọ́n tún gbà á lọ́dún 2018.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ bí orin ṣe ń tà níbẹ̀ á mọ̀ pé ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í tú ká bọ̀rọ̀. Bí àwọn kan bá dàgbà tí wọ́n kúrò, wọn a gba àwọn mìíràn wọlé. Kò sí ẹnì kankan tó ṣẹ́ kù nínú àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ náà, àmọ́ orúkọ ọ̀nà ṣì wà níbẹ̀.

Kí ni máa rí níbẹ̀ tó jẹ mọ́ ẹgbẹ́ náà?

Kí n má tàn yín: bẹ́ ẹ bá ń retí ère àwọn akọrin tàbí ògiri tí wọ́n ya àwòrán wọn sí, kò sí. Ohun tó wà fara sin díẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fetí sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ Nogizaka. Ohùn orin tó ń dún kí ọkọ̀ tó tìlẹ̀kùn, ọ̀kan nínú orin wọn ni. Àwọn arìnrìn-àjò wà tó ń jẹ́ kí ọkọ̀ méjì mẹ́ta kọjá nítorí kí wọ́n lè gbà á sílẹ̀ sínú fóònù.

Lẹ́yìn ìyẹn, ojúbọ Nogi. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdọọdún, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó bá di ẹni 20 ọdún máa ń wá síbẹ̀ pẹ̀lú kímónò alápá gígùn láti ṣe ayẹyẹ pé wọ́n ti dàgbà, àwọn oníròyìn á sì ya fọ́tò wọn. Òfin ti sọ ọ́ di ọdún 18 láti oṣù kẹrin ọdún 2022, ṣùgbọ́n 20 ni wọ́n ṣì ń lò fún ayẹyẹ yìí. Ẹ tún wo ibi tí wọ́n ń so àwọn pákó ẹ̀bẹ̀ kọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní ema. Ní ojúbọ mìíràn, àdúrà ìdánwò àti ti ọmọ bíbí ló máa ń pọ̀ lára wọn. Níbí, àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà ti ya àwọn akọrin tí wọ́n fẹ́ràn sára pákó, àwòrán àfọwọ́yà tó rẹwà gan-an. Ẹnì kan ń bẹ̀bẹ̀ kí tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ sóun lọ́wọ́, ẹnì kan ń tọrọ àlàáfíà fún akọrin tó fẹ́ fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Lójú tèmi, ibẹ̀ ló dùn jù ní gbogbo àdúgbò náà, ó sì sàn ju ère lọ.

Ṣé mo lè bá àwọn akọrin náà pàdé lójú ọ̀nà?

Rárá. Ẹ má sì lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà iléeṣẹ́ kankan láti máa ṣọ́ wọn. Ẹni tó bá fẹ́ rí wọn, orí pèpéle ni kó ti rí wọn. Pápá ìṣeré Meiji Jingū, tí wọ́n ti ń gbá baseball láti ọdún 1926, kò jìnnà síbẹ̀, àwọn olólùfẹ́ wọn sì ka ibẹ̀ sí ilé wọn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Tẹ́tẹ́ ni wọ́n fi ń pín tíkẹ́ẹ̀tì, owó nìkan ò tó.

Báwo ni mo ṣe máa débẹ̀?

Ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, ọ̀nà Chiyoda, aláwọ̀ ewé. Ibùdókọ̀ Nogizaka, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ C05, ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1972. Bẹ́ ẹ bá gba ẹnu ọ̀nà 1 jáde, ojúbọ ló máa kọ́kọ́ wò yín lójú. Ẹnu ọ̀nà 6 ló já sínú gbọ̀ngàn iṣẹ́ ọnà ìjọba àpapọ̀ tí Kurokawa Kishō ya àwòrán rẹ̀, tí wọ́n ṣí lọ́dún 2007. Láti ibùdókọ̀ Tokyo, ẹ fẹsẹ̀ rìn dé Ōtemachi, kẹ́ ẹ wọ Chiyoda níbẹ̀.

Àmọ́ ìmọ̀ràn tèmi ni pé kẹ́ ẹ má sọ̀ ní Nogizaka rárá. Ẹ sọ̀ ní Akasaka, ibùdó kan ṣáájú, kẹ́ ẹ wá fẹsẹ̀ gun òkè náà láti ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá ti orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ yóò kàn rí títì kan tó ń sọ̀ kalẹ̀ láàárín àwọn ilé ńláńlá. Ẹni tó bá gùn ún ni yóò mọ ìdí tí wọ́n fi ń pe òkè bí irú èyí lórúkọ, yóò sì bá igi àti òjìji ojúbọ pàdé lókè nígbà tí ara rẹ̀ ń fẹ́ ìsinmi.

Kristẹni ni mí. Mùsùlùmí ni mí. Ṣé mo lè wọ inú ojúbọ náà?

Ẹ lè wọlé. Kò sẹ́ni tó máa bi yín ní ẹ̀sìn yín, wọn kì í gba owó ìwọlé, kò sì pọn dandan kẹ́ ẹ gbàdúrà. Ọ̀pọ̀ ló kàn ń wá wo ibẹ̀. Ohun tí wọ́n ń retí ni ìwà ọmọlúàbí: ẹ tẹrí ba díẹ̀ kẹ́ ẹ tó gba abẹ́ òpó ẹnubodè kọjá, kẹ́ ẹ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà dípò àárín, nítorí wọ́n gbà pé àárín jẹ́ ti òrìṣà. Àwọn tó bá fẹ́ bọ a máa fọwọ́, wọ́n á sọ owó ẹyọ sínú àpótí, wọ́n á tẹrí ba lẹ́ẹ̀mejì, pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n tún tẹrí ba lẹ́ẹ̀kan.

Ojúbọ yìí gbajúmọ̀ fún ìgbéyàwó, torí pé tọkọtaya ni wọ́n jọ ń bọ níbẹ̀. Bẹ́ ẹ bá rí ìyàwó pẹ̀lú fìlà funfun ńlá lórí, ẹ yà fún wọn. Ẹ sì béèrè kẹ́ ẹ tó ya fọ́tò, ẹbí ló ń ṣe ìnáwó.

Ilé ọ̀gágun náà ṣì wà?

Ó wà, ó sì yẹ ní wíwò ju ojúbọ lọ. Ojúbọ tí ẹ máa rí kì í ṣe ti àkọ́kọ́. Bọ́ǹbù ọdún 1945 jó ìyẹn, ọdún 1962 ni wọ́n tún un kọ́. Ilé tí Nogi gbé yè é. Ọdún 1902 ni wọ́n kọ́ ọ, pákó ni, àwòrán rẹ̀ sì fara jọ ilé àwọn ológun Faransé, kò sí ọ̀ṣọ́ kankan lára rẹ̀. Ibùjẹ ẹṣin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bíríkì ni wọ́n fi kọ́ ọ, lọ́dún 1889, ọdún 13 ṣáájú ilé náà. Àwọn èèyàn ìgbà náà máa ń ṣàwàdà pé ẹṣin ọ̀gágun ń gbé ilé tó dára ju ti olówó rẹ̀ lọ. Bẹ́ ẹ bá dúró sáàárín àwọn méjèèjì, ẹ̀yin náà á gbà bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ti ṣe àtẹ̀gùn àti ọ̀nà yí ilé náà ká, tẹ́ ẹ fi lè yọjú wo yàrá láti ojú fèrèsé, títí kan yàrá tí ikú náà ti ṣẹlẹ̀. Inú ilé gan-an, àyájọ́ ikú wọn ní oṣù kẹsàn-án ni wọ́n ń ṣí i fún aráàlú. Ibojì wọn wà ní itẹ́ Aoyama, ẹsẹ̀ náà ló ń gbé yín débẹ̀.

Àwọn ọ̀nà yòókù tí ẹgbẹ́ akọrin ń jẹ́ orúkọ wọn ńkọ́? Ṣé mo lè rí gbogbo wọn lọ́jọ́ kan náà?

Ìdajì ọjọ́ tó. Gbogbo wọn wà ní Minato, ìrìn náà kò ju nǹkan bíi kìlómítà 4 lọ. Ẹ lè gbà á báyìí.

Láti ojúbọ Nogi, ẹ gba títì Gaien-Higashi sí apá gúúsù, ẹ ó kọjá Tokyo Midtown, ẹ ó sì dé oríta Roppongi. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Roppongi Hills wà, àwọn ilé gogoro tí wọ́n ṣí lọ́dún 2003. Keyakizaka wà nínú ọgbà yẹn. Títì náà gùn tó nǹkan bíi mítà 400, igi keyaki ló tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Lásìkò òtútù, wọ́n máa ń fi iná wẹ́wẹ́ bo àwọn igi náà, ẹ ó sì rí ilé ìṣọ́ Tokyo Tower tó ń tàn pupa níwájú. Ẹgbẹ́ Keyakizaka46 dìde lọ́dún 2015 lábẹ́ Akimoto kan náà, wọ́n gbé orin jáde lọ́dún 2016, wọ́n sì gba orúkọ mìíràn ní oṣù kẹwàá ọdún 2020: Sakurazaka46. Sakurazaka ọ̀hún náà wà ní Roppongi Hills, kò ju ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ìyẹn ni pé ẹgbẹ́ náà kàn ṣí láti òpópónà kan bọ́ sí èkejì. Bẹ́ ẹ bá mú ọmọ dání, pápá ìṣeré tó wà ní Sakurazaka kún fún ère rọ́bọ́ọ̀tì, wọ́n á fẹ́ràn rẹ̀ ju ojúbọ lọ.

Kẹ́ ẹ tó kúrò ní Roppongi Hills, ẹ yà síbi adágún kékeré tó wà nínú ọgbà Mōri. Orí ilẹ̀ ìdílé tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan nìyẹn, ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Nogi. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti pàṣẹ fún 10 nínú àwọn jagunjagun ilẹ̀ Akō tó gbẹ̀san ikú olúwa wọn láti pa ara wọn lọ́dún 1703. Ọmọkùnrin tó dàgbà níbi tí wọ́n ti ń sọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀, ó yẹ ká ronú lé e lórí nígbà tá a bá ń ka bí òun náà ṣe kú.

Lẹ́yìn náà, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Azabu-Jūban. Àwọn tó wo eré àwòrán Sailor Moon lọ́mọdé á mọ ibẹ̀, àdúgbò àwọn akọni inú rẹ̀ ni. Ẹ kọjá afárá Ninohashi, Hyūgazaka wà lódì kejì. Títì jẹ́jẹ́ ni, láàárín ilé àwọn olówó àti àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè, kò sí ohun tó ń tà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ Hinatazaka46, tó gba orúkọ yẹn lọ́dún 2019, ń fi àmì ìkọ̀wé Jàpáánì kan náà kọ orúkọ rẹ̀, àmọ́ Hinata ni wọ́n ń pè é dípò Hyūga. Nítorí náà, bẹ́ ẹ bá ń béèrè ọ̀nà, ẹ sọ pé Hyūga. Ta ló sì ni Hyūga? Mōri kan náà ni o, ẹ̀ka Tokuyama, olóyè Hyūga-no-kami tó ní ilé lẹ́bàá ibẹ̀. Ẹgbẹ́ orin mẹ́ta, ìdílé ìjòyè kan ṣoṣo lábẹ́ wọn. N kò rò pé àwọn tó sọ àwọn ẹgbẹ́ náà lórúkọ ṣe é bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, àmọ́ báyìí ni ilẹ̀ ibẹ̀ rí.

Ìgbà wo ló dára jù láti lọ?

Ìparí oṣù kẹta sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin, nígbà tí òdòdó sakura bá là, pàápàá ní itẹ́ Aoyama. Oṣù kọkànlá náà dára. Oṣù kẹfà, òjò ni. Oṣù keje àti ìkẹjọ, ooru ibẹ̀ a máa mú èèyàn ju ti Èkó lọ, ẹ má sì fi ọ̀sán gangan gun òkè. Òwúrọ̀ ni ojúbọ máa ń parọ́rọ́ jù.

Mo ní ẹsẹ̀ dídùn, tàbí mo ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ. Ṣé ó ṣeé ṣe?

Ó ṣeé ṣe. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òkè nígbà náà, ẹ má tẹ̀ lé ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́. Ọ̀dà ni wọ́n fi ṣe ọ̀nà náà, kì í ṣe àtẹ̀gùn. Inú ojúbọ ní àwọn àkàsọ̀ díẹ̀, ọ̀nà tó yí ilé ọ̀gágun ká náà ní tirẹ̀.

Físà ńkọ́?

Pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà, Benin àti Togo nílò físà, kẹ́ ẹ tó wọ ọkọ̀ òfuurufú ni kẹ́ ẹ sì ti gbà á. Ilé iṣẹ́ aṣojú Jàpáánì wà ní Abuja fún àwọn ará Nàìjíríà. Àwọn ènìyàn wa tó ní pásípọ́ọ̀tù Bìrìtìkó tàbí ti Amẹ́ríkà lè wọlé fún ọjọ́ 90 láìsí físà, bẹ́ẹ̀ náà ni fún pásípọ́ọ̀tù Brazil láti ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Òfin físà a máa yí padà, ẹ tún wò ó kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Èló ni mo máa ná?

Díẹ̀. Owó ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ tó kéré jù jẹ́ yen 180, ẹ ra káàdì Suica tàbí Pasmo kẹ́ ẹ máa fi kan ẹ̀rọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ibùdókọ̀. Ojúbọ, ilé ọ̀gágun láti ìta àti gbogbo àwọn òpópónà wọ̀nyẹn, ọ̀fẹ́ ni. Gbọ̀ngàn iṣẹ́ ọnà kò ní àkójọ tirẹ̀, ìpàtẹ tó bá wà nígbà náà ló ń pinnu owó ìwọlé, ó sì sábà máa ń tì lọ́jọ́ Tuesday. Oúnjẹ ọ̀sán pọ̀ ní Akasaka nísàlẹ̀, ó sì dín owó sí ti Roppongi.

Ẹ mú owó ẹyọ dání fún pákó ema bẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ tiyín. Ẹ lè fi Yorùbá kọ ọ́, èdè tó bá wù yín ni wọ́n gbà. Wọ́n á fún yín ní bírọ̀ níbẹ̀.